Àwọn tó ń darí community college ní California: ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ ni mo fún wọn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Tẹ́ ẹ bá wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo èèyàn ló ń fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wọn ní ìràwọ̀, èyí ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ò tó, èyí ní tísà mátì wọn ń kanra, èyí ní oúnjẹ ibẹ̀ ti wọ́n jù. Kò sẹ́ni tó ń rántí àwọn tó jókòó sí Sacramento, olú ìlú California, lókè lọ́hùn-ún tí wọ́n ń darí gbogbo ẹ̀ pátá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń dùn mọ́ wa àti ọ̀pọ̀ èyí tó ń bí wa nínú. Èmi ti gba ibẹ̀ kọjá, ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, àbúrò ìyàwó mi ń wá àyè nọ́ọ̀sì níbẹ̀, owó orí mi náà sì wà nínú ẹ̀, torí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ìdí ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹ́ ẹ rò pé community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ọlọ́dún méjì, ni ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí ò rí yunifásítì wọ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé èrò yẹn sọnù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì 116 ló wà nínú ètò yìí, wọ́n pín wọn sábẹ́ district 73, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, kò sí ètò ilé ìwé gíga kankan ní gbogbo Amẹ́ríkà tó tóbi tó o. Yúníìtì kan, $46, àtọdún 2012 ni wọn ò ti fi nǹkan kan lé e. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, yúníìtì 60 téèyàn máa fi gba associate degree (ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì), $2,760 ni gbogbo ẹ̀, nígbà tí UC (University of California) ń gbà ju $13,000 lọ lọ́dún kan ṣoṣo. Ẹni tówó ò bá sì sí lọ́wọ́ ẹ̀ lè gba California College Promise Grant, ìyẹn máa pa owó kíláàsì rẹ́ pátápátá, ìwé àti ọkọ̀ àti oúnjẹ ló kù tó máa bá ara ẹ̀ jà lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì máa yin Chancellor, ìyẹn ọ̀gá ètò yìí ní Sacramento, lórí $46 yẹn o, àwọn aṣòfin ló ń dá iye ẹ̀. Kó tó di 1984 gan-an, ọ̀fẹ́ ni.

Ibi tó ti ń rú àwa ọmọ Nàìjíríà lójú nìyí. A gbọ́ Chancellor, a rò pé ọ̀gá pátápátá ni, pé tó bá ti bú ramúramù ní Sacramento, gbogbo ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì á máa gbọ̀n. Rárá o. Gómìnà ló ń yan Board of Governors, bọ́ọ̀dù yẹn ló ń yan Chancellor, ó tán síbẹ̀. District kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀dù tiẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò dìbò yàn, àwọn yẹn ló ń gba ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì síṣẹ́, àwọn ló ń lé e dànù, àwọn ló ń bá yúníọ̀nù tísà dúnàádúrà owó oṣù. Nínú ẹbí yìí ọmọ ló ṣáájú bàbá dáyé: Fresno ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tiẹ̀ sílẹ̀ láti 1910, 1967 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣòfin tó gbé Board of Governors lé gbogbo wọn lórí. Ọmọ wo ló máa gbọ́ràn sí bàbá tó wá bá a láyé?

Mo ń ṣàlàyé èyí torí pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, orí ẹ̀ ló dúró lé. Ohun tó bá jẹ́ òfin tó máa kan gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ará Sacramento mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ohun tó bá ti gba pé kí ẹnì kan dìde lórí àga kó bá ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ lójú fèrèsé, ọwọ́ wọn ò dé bẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti mátì. Nígbà tèmi, téèyàn bá ti dé, ìdí kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa mú ẹ lọ, wọ́n á ní kó o ṣe ìdánwò mátì àti Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀, o ò múra, iṣẹ́ alẹ́ lo ti ń bọ̀, ojú ẹ ti pọ́n. Tó o bá ti fìdí rẹmi, kíláàsì mátì tí yunifásítì kankan ò ní kà sí ni wọ́n máa tì ẹ́ sí, o ṣe ọ̀kan tán, èkejì ń dúró, o ṣe èkejì tán, ẹ̀kẹta ń dúró, kó o tó dé ìdí mátì gidi owó FAFSA, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, ti ń lọ sópin, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń gba ilé lọ ni, wọn ò ní padà mọ́. Àwa aláwọ̀ dúdú àtàwọn Latino ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tì síbẹ̀. Eloy Ortiz Oakley ló wà lórí àga Chancellor láti ìparí 2016 títí di 2022, òun fúnra ẹ̀ kàwé ní Golden West College, ọ̀kan nínú àwọn community college yìí, kó tó lọ UC Irvine, torí náà kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ bó ṣe ń rí. Ó jáde sọ ọ́ ní gbangba pé kò yẹ kí algebra máa dènà ọmọ tí ò fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì. Lọ́dún 2017 òfin AB 705 jáde, nígbà tó fi máa di fall 2019 ó ti múlẹ̀ káàkiri: máàkì high school ni wọ́n ń wò báyìí, tààrà ni wọ́n ń gbé ẹ sí kíláàsì tí yunifásítì máa gbà, wọ́n á fi kíláàsì ìrànwọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá nílò ẹ̀. Àwọn tó ń yege mátì gidi láàárín ọdún àkọ́kọ́ pọ̀ gan-an sí i. Tísà kan ń pariwo, òmíràn ń kọ lẹ́tà, ọkùnrin yẹn ò yẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ torí èyí nìkan ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni màá fún un.

Àmọ́ ẹ wá wo bó ṣe rí lójú fèrèsé. Àbúrò ìyàwó mi gbé èsì WAEC ẹ̀ lọ síbì kan, mi ò ní dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, obìnrin tó jókòó síbẹ̀ wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní kí ni C4, kí ni B3, GPA ẹ̀ dà? Ó lọ pe ẹnì kejì, ẹnì kejì gbé ìwé yẹn sókè sí iná bíi pé owó ayédèrú ni, òun náà ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n ní kó lọ máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wà fún ẹni tí ò ní máàkì high school ti Amẹ́ríkà, wọ́n á bi í ní ìbéèrè bíi mélòó kan, wọ́n á tọ́ ọ sọ́nà, á mú kíláàsì tó bá a mu, fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn gan-an, èmi ni mo fi han àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lórí fóònù mi nígbà tá a padà lọ. Òfin dé láti Sacramento, àlàyé ò bá a dé.

Nǹkan míì tí mo gba tiwọn lórí ẹ̀ ni nọ́ńbà kọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ti yí kọ́lẹ́ẹ̀jì padà rí mọ ohun tí mò ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì kan náà, níbí English 1 ló ń jẹ́, lọ́hùn-ún English 101, níbòmíràn 1A, counselor á ní kó o lọ mú syllabus wá kí wọ́n fi wéra, syllabus ọdún wo? Òfin AB 1111 ti 2021 ló ní kí gbogbo wọn máa lo nọ́ńbà kan, àwọn àkọ́kọ́ sì jáde ní fall 2025, ENGL C1000, STAT C1000, PSYC C1000, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. C yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ibi tó wù kẹ́ ẹ gbé e lọ nínú gbogbo 116 yẹn, nǹkan kan náà ni. Ó pẹ́ kó tó dé, ó dé ṣá.

Ó wá ku ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iwin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojú ewé kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní CCCApply ni gbogbo èèyàn ń gbà wọlé, Sacramento ló ni ín, kò sì ní owó fọ́ọ̀mù. Nígbà kòrónà tí gbogbo kíláàsì bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn jàgùdà rí i pé wọ́n lè fi orúkọ olórúkọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n gba owó ìrànwọ́ ìjọba, kí wọ́n sì pòórá. Lọ́dún 2021 wọ́n rí ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ tó tó 65,000 tó jẹ́ pé ayédèrú ni, nígbà tó fi máa di 2024 nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n fura sí. Owó nìkan kọ́ ló ń ká mi lára, àyè ni. Ọmọ mi fẹ́ gba kíláàsì psychology kan, wọ́n ní ó ti kún, ó wà lórí waitlist. Tísà yẹn gbọ́n, ó ní kí gbogbo èèyàn kọ ìlà díẹ̀ nípa ara wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó wá di pé àwọn kan kọ ọ̀rọ̀ kan náà, kómà kan náà, ibi tí wọ́n ti ṣi sípẹ́lì náà bára mu, wọ́n ní àwọn fẹ́ràn kí àwọn máa rìn lórí òkè pẹ̀lú ajá àwọn. Gbogbo wọn pẹ̀lú ajá wọn! Tísà yọ wọn dànù, ọmọ mi wá ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ tó rí i pé kíláàsì ti kún ló ti lọ síbòmíràn kó tó dìgbà yẹn?

Ibí ni mo ti yọ ìràwọ̀ kan, torí pé ẹnu ọ̀nà yẹn, Sacramento ló ni ín, wọn ò lè ní district ló fà á. Wọ́n ti gbé ID.me wá tó ń wò ó bóyá ẹni téèyàn pe ara ẹ̀ ló jẹ́, wọ́n ti ra ẹ̀rọ tó ń yẹ àwọn tó ń bọ̀ wò, ní 2025 wọ́n tún ń rò ó bóyá kí wọ́n máa gba owó táṣẹ́rẹ́ lórí fọ́ọ̀mù. Mi ò fara mọ́ ti owó yẹn, ẹni tó ń fi orúkọ olórúkọ gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, owó fọ́ọ̀mù wo ló fẹ́ dá a dúró, ìyá tó ń tọ́jú ọmọ mẹ́ta tó fẹ́ padà síwèé ni ìyẹn máa dún.

Kí n tó gbàgbé, ẹ wo bí àga Chancellor ṣe ń mì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí le jù. Ní àárín 2021 Oakley gba ìyọ̀ǹda, ó lọ bá ìjọba Biden ṣiṣẹ́ ní Washington fóṣù díẹ̀, Daisy Gonzales bá a di àga mú, Oakley padà dé, nígbà tó di 2022 ó lọ pátápátá, ó lọ di ọ̀gá College Futures Foundation, Gonzales tún padà di adelé títí di 2023. Ìgbà yẹn gan-an làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá lọ rẹpẹtẹ nítorí kòrónà o. Mi ò sọ pé Gonzales ò ṣiṣẹ́, obìnrin yẹn gbìyànjú, àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé adelé lòun, báwo ló ṣe fẹ́ bá àwọn bọ́ọ̀dù 73 fa okùn?

Calbright náà ń kọ́? Gómìnà Jerry Brown ló ní kí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ tó jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan, ọ̀fẹ́, fún àwọn àgbà tó ń ṣiṣẹ́, $100 mílíọ̀nù ìbẹ̀rẹ̀ àti $20 mílíọ̀nù lọ́dọọdún, Oakley fọwọ́ sọ̀yà lẹ́yìn ẹ̀. October 2019 ló ṣílẹ̀kùn, nígbà tó máa di January 2020 ọ̀gá àkọ́kọ́, Heather Hiles, ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2021 ọ̀gá àyẹ̀wò owó ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ìwé jáde tó bù ú gidi, àwọn aṣòfin kan ní kí wọ́n tì í pa. Wọn ò tì í, ó sì ti dára díẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, mo mọ àwọn tó ń gba ìwé ẹ̀rí IT níbẹ̀ láì san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nílẹ̀ ti ń kọ́ kíláàsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì látọjọ́ pípẹ́, kí ló dé tí wọn ò fún wọn lówó yẹn? Ìdajì ìràwọ̀ lọ síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ ibi tí mo ti rí agbára ọ́fíìsì yẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì Compton ní apá Los Angeles ni màá tọ́ka sí, àwa tá à ń gbé apá Inglewood àti Hawthorne mọ̀ ọ́n dáadáa. Owó bà jẹ́ níbẹ̀, ìwà ìbàjẹ́ wọlé, ní 2004 ìpínlẹ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù wọn, wọ́n fi alábòójútó kan síbẹ̀, ní 2006 kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn pàdánù ìwé àṣẹ ẹ̀ pátápátá. Wọn ò jẹ́ kó kú. El Camino tó wà ní Torrance ló gbé e pọ̀n, orúkọ El Camino làwọn ọmọ Compton fi ń gba ìwé ẹ̀rí títí di 2017 tí Compton fi gba àṣẹ tiẹ̀ padà. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ o. Àwọn ará àdúgbò bínú pé wọ́n gba ìbò wọn lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì jẹ̀bi, àmọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà lónìí, àwọn ọmọ dúdú ń kàwé níbẹ̀. Irú ẹ̀ náà ni San Francisco ní 2013, nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ìwé àṣẹ City College, bọ́ọ̀dù Sacramento gba ìṣàkóso, 2017 lọ̀rọ̀ fi lójú. Tí ilé bá ti ń jó, wọ́n máa ń wá. Kó tó jó ni mi ò kì í rí wọn.

Ti àwọn tísà tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ gidi, àwọn part-time, kíá ni màá sọ ọ́. Àtọdún 1988 ni òfin AB 1725 ti ní kí wọ́n máa wá bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì ṣe máa bọ́ sọ́wọ́ tísà tó ń ṣiṣẹ́ gidi, wọn ò débẹ̀ títí dòní. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì mìíràn, inú ọkọ̀ ló ń jẹun ọ̀sán lórí freeway 405, níbo ló ti fẹ́ ráyè jókòó ti ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò yé? Ní 2022 ìpínlẹ̀ gbé $200 mílíọ̀nù sílẹ̀ fún ìlera àwọn tísà bẹ́ẹ̀, àmọ́ district kọ̀ọ̀kan ló máa bá yúníọ̀nù tiẹ̀ sọ̀rọ̀ kówó náà tó dé ọwọ́ wọn. Ẹ ti ń rí ohun tí mò ń sọ.

Sonya Christian ló gba àga ní June 2023. Kollam ní Kerala, ní ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n ti bí i, tísà mátì ló jẹ́ ní Bakersfield College, ó padà wá di ọ̀gá ibẹ̀, ó tún darí gbogbo district Kern. Obìnrin àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbé ipò yẹn fún tí kì í ṣe adelé. Inú mi dùn sí i torí pé àjèjì bíi tiwa ni, láti ìlú tí kì í ṣe Los Angeles tàbí San Francisco ló sì ti wá. Ìwé ètò tó gbé jáde lọ́dún yẹn, Vision 2030, ní mílíọ̀nù 6.8 àwọn ará California tó wà láàárín ọdún 25 sí 54 ló parí high school tí wọn ò ní ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan, pé dípò kí wọ́n jókòó máa retí wọn, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ bá wọn níbi iṣẹ́ wọn, ní high school àwọn ọmọ wọn, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n pàápàá. Èrò yẹn dáa. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí fóònù financial aid máa dún kẹ́nì kan gbé e, ìyẹn náà á dáa.

Ohun tó dùn mí jù ni ti nọ́ọ̀sì, mo sì mọ̀ pé ìdí ẹ̀ ni ìdajì ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí fi ń kà á. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ń kọ́ RN (registered nurse) ní ọdún méjì lẹ́yìn téèyàn bá ti ṣe anatomy, physiology àti microbiology, owó ẹ̀ ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé ìwé aládàáni tó ń polówó lórí rédíò. Àmọ́ àwọn tó ń wá àyè pọ̀ ju àyè lọ, débi pé kọ́lẹ́ẹ̀jì míì á kó orúkọ gbogbo ẹni tó yege sínú kọ̀ǹpútà, á ní kí ó ṣa, bíi lọ́tìrì. Àbúrò ìyàwó mi gba A nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kọ̀ǹpútà ò ṣà á. Tó bá sì wá parí, ọsibítù ń béèrè BSN, ìyẹn bachelor's nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ò sì lè fún un, torí òfin AB 927 ti 2021 tó jẹ́ kí wọ́n máa ṣe bachelor's ní kò gbọdọ̀ jọ èyí tí CSU (California State University) ń ṣe. Ní 2024 àwọn aṣòfin fẹ́ kí district tí ò ju mẹ́wàá lọ dán BSN wò, àbá òfin SB 895, ó gba ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì kọjá, CSU ta kò ó, Gómìnà Newsom kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Mi ò lè di gbogbo ẹ̀bi yẹn ru Chancellor, ọwọ́ gómìnà ni bíírò wà, ṣùgbọ́n ẹni tí gómìnà ló ń yan àwọn ọ̀gá ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ò lè le ju bó ṣe le yẹn lọ, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Torí náà ẹni tó bá ń wá nọ́ọ̀sì, ẹ má fi gbogbo ìrètí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó sún mọ́ ilé yín. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù sí El Camino, ẹ kọ sí Los Angeles Harbor, ẹ kọ sí Los Angeles Southwest, ẹ kọ sí Long Beach, oṣù tí kálukú ń gba fọ́ọ̀mù yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń yan èèyàn náà yàtọ̀, ẹ lọ wo ti ìkọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá fi WAEC yín ṣeré lójú fèrèsé, ẹ má pe Sacramento, wọ́n á kàn ní kẹ́ ẹ padà sí district yín ni. Ìpàdé bọ́ọ̀dù district ni kẹ́ ẹ lọ, gbangba ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ará ìlú láyè láti sọ̀rọ̀, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ẹlòmíì tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún dání.